Balógun Tó Jókòó Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun kan. Bàbá Sítáàṣì kò parọ́ níbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ló gbé e gun òkè, òun náà ló sì taari rẹ̀ sísàlẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ní irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ nílé lè tètè tún un yẹ̀ wò.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, òun ló sì ń po sítáàṣì tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí. Ó ti pò ó pẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti le gbagidi. Ṣòkòtò rẹ̀ lè dá dúró ti ògiri láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ló ń yí, ọrùn kì í dá lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni inú rẹ̀ rí. Ohun tó bá ti tẹnu rẹ̀ jáde, ó ti jáde nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè ní kó padà wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ti oúnjẹ nígbà tí mánẹ́jà wọn wọlé. Ọmọbìnrin ni mánẹ́jà yìí, kò sì ju àbíkẹ́yìn Bàbá Sítáàṣì lọ.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Ẹ mọ ilé àwọn arúgbó tí à ń fọ aṣọ wọn, èyí tó wà ní ìlú etí odò. Àga onítáyà kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tí kò lè rìn níbẹ̀ jọ ń lò. Ọlọ́ṣẹ ti ní òun máa ra àga fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tí àwa bá lè gun kẹ̀kẹ́ láti ibí yìí dé ọgbà wọn."

Ọlọ́ṣẹ ni ọkùnrin tó ń ta ọṣẹ fún ilé ìfọṣọ náà. Owó kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ìran ló máa ń wù ú wò.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀?" Dírẹ́bà bèèrè. Dírẹ́bà yìí ló ń fi ọkọ̀ kó aṣọ lọ, tó ń kó o bọ̀.

"Ó wà. Gbogbo ẹni tó bá gbéra gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo bá wọ mọ́tò, àdéhùn ti bàjẹ́. Ọlọ́ṣẹ fúnra ẹ̀ ló máa wa mọ́tò tẹ̀ lé wa."

Dírẹ́bà yí ojú sí Bàbá Sítáàṣì. "Bàbá ò lè bá wa lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá tẹ̀ báyìí, wọ́n á ṣẹ́."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò ṣẹ́?" Bàbá Sítáàṣì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Láti abúlé wa dé ìlú tí wọ́n ti ń ta ẹja, àlọ àti àbọ̀, lórí òkúta, nínú ẹrẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń sùn lórí ẹ̀."

"Ẹ máa ń sùn lórí kẹ̀kẹ́?"

"Mo máa ń hanrun."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Òótọ́ sì ni. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń wà á, òun á jókòó sórí irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ lẹ́yìn, á di bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ mú, á sì máa sùn.

Ẹ̀yin náà mọ bí èdè wa ṣe rí. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn bí àpò ìrẹsì náà gun kẹ̀kẹ́. Bàbá Sítáàṣì kò bù mọ́ ọn. Ó kàn panu mọ́ níbi tó yẹ kó ti là á ni.

"Bàbá," mánẹ́jà ní, "ẹ̀yin ni balógun wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ dùn. Ẹni tí wọn kò bá pàtẹ́wọ́ fún rí láti ọdún tó ti ń po sítáàṣì kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọ̀nà ọ́fíìsì mánẹ́jà pọ̀n láti lọ la òótọ́ ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó bá a tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ó tó la ẹnu, mánẹ́jà ti na fóònù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni o. Ilé àwọn arúgbó yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé níbẹ̀ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún un. Òun ló tọ́ Bàbá Sítáàṣì dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

"Wọ́n ní ìwọ ni balógun," ẹ̀gbọ́n ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ti sọ fún gbogbo ilé. Ṣé o mọ̀ pé odò wà lẹ́yìn ilé yìí? Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti orí ibùsùn. Mi ò tíì fojú rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló máa ń gba àga tó wà ńlẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀ pé èmi kì í tètè jí. Ìgbà wo lo tiẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́?"

"Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Òun nìyẹn o. Irọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ nílé kò jẹ́ kó sinmi. "Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Màá sọ."

"Nígbà wo?"

"Tí wọ́n bá bi mí."

"Ta ló máa bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn?"

Ó bínú, ó lọ yá kẹ̀kẹ́ aládùúgbò, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé láti fi agídí kọ́ ọ. Ó gùn ún láti ọ̀tún, ó bọ́ sí òsì. Ó gùn ún láti òsì, ó bọ́ sí ọ̀tún. Ó ní ìgbà kan tó dúró ṣinṣin lórí rẹ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀yìn ti igi ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí jáde, ó jókòó, ó ń wò ó.

"Ẹ ṣe é jẹ́ẹ́," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn ti mọ̀ yín dáadáa báyìí."

Nígbà tó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí aládùúgbò má baà rí ohun tó ti ṣe sí i, ibẹ̀ ló ti rí ohun kan tó rọ̀ mọ́ ògiri. Ó gùn bí àkàsọ̀.

"Kí lèyí?"

"Kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì ni. Ẹni iwájú ló ń darí ẹ̀, òun náà ló ni bíréèkì. Ẹni ẹ̀yìn kàn ń fẹsẹ̀ wa tirẹ̀ ni."

"Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ò lè yí nǹkan kan. Kí ẹni ẹ̀yìn má baà rò pé wọ́n fojú di òun ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀."

Bàbá Sítáàṣì fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Ó dà bíi pé ọ̀run ló ti jábọ́.

Ó yá a, ó sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. "Ẹ̀yìn ni balógun ń wà," ó ní. "Darandaran kì í ṣíwájú ẹran."

"Bàbá, ṣé àwa lẹran?" Dírẹ́bà bèèrè.

"Ìwọ lo sọ ọ́."

Ẹni tó máa jókòó síwájú ló kù. Ó mú Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Obìnrin yìí ló ń lọ aṣọ, apá rẹ̀ sì le bí òpó nítorí áyọ́ọ̀nù tó ti gbé láyé. Òun nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́. Ó ti fi òróró sí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ti kun ún ní ọ̀dà pupa, ó ń retí ọjọ́.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," Bàbá Sítáàṣì ní. "Ẹ̀yin lẹ máa jókòó síwájú balógun. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ju ẹsẹ̀ méjì lọ. A ó jọ pín in."

Inú obìnrin náà dùn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ pupa padà sílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà nìyẹn, nítorí ó gba bàbá yìí gbọ́.

Wọ́n gbéra. Àwọn márùn-ún ni: Dírẹ́bà, mánẹ́jà, akọ̀wé kan tó ní ìwà pẹ̀lẹ́, àti àwọn méjì orí kẹ̀kẹ́ gígùn. Ọlọ́ṣẹ ń rọra tẹ̀ lé wọn nínú mọ́tò, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù fi wẹ̀yìn.

"Bàbá, kí lẹ di bẹ́líìtì mi mú fún?"

"Mò ń tì yín ni."

"Ẹ̀yìn lẹ ń fà mí sí o."

"Bí wọ́n ṣe ń tì nígbà tiwa nìyẹn."

Bí obìnrin náà bá tẹ̀ sí ọ̀tún níbi kọ́nà, bàbá á tẹ̀ sí òsì kí òun má baà ṣubú. Kẹ̀kẹ́ náà á wá máa rìn bí ọ̀mùtí. Bàbá sì tún ṣàkíyèsí pé bí òun kò bá tẹ pẹ́dà, pẹ́dà náà á ṣáà máa yí, nítorí ṣéènì kan ló so ó mọ́ ti iwájú. Ó wá gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé òun yí. Oòrùn mú, atẹ́gùn tutù, ojú rẹ̀ wúwo.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?"

"Mò ń mí."

"Ẹ̀ ń hanrun."

"Bí mo ṣe ń mí nìyẹn."

Dírẹ́bà wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ wọn. "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú díẹ̀ ká rí yín. Ó ti rẹ Ìyá Áyọ́ọ̀nù."

"Atẹ́gùn iwájú kì í bá eyín mi lára mu."

Nígbà tí wọ́n dúró mu omi, Dírẹ́bà tún béèrè. Bàbá ní onítìjú ni orúnkún òun, kì í fẹ́ kí wọ́n wo òun lójú. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ní òun ti búra fún ẹnì kan. Dírẹ́bà ò béèrè ẹni náà. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síwájú.

Wọ́n sùn ní ilé àlejò kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mánẹ́jà gbé ọ̀rọ̀ dé. "Bàbá, tá a bá ti kọjá òkè tó kù yìí, ẹ̀yin lẹ máa bọ́ síwájú. Ẹ̀yin lẹ máa wa kẹ̀kẹ́ náà wọ ọgbà wọn. Ẹ̀gbọ́n yín ti ní kí wọ́n gbé òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Bàbá Sítáàṣì kò lè jẹun àárọ̀.

Òkè náà ga. Òógùn Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń kán sílẹ̀ tó, tó. Ó ń mí bí ẹni tó gbé ọlọ. Bàbá Sítáàṣì ń wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ tó ti rin gbindingbindin, ìtìjú sì wá mú un. Ó tẹ pẹ́dà díẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Lókè téńté, ó wúkọ́. "Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi."

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Òkúta wọ bàtà mi."

Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ náà ti òkúta ńlá kan létí ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ bàbá kì í kanlẹ̀, òun ló sì máa ń bá a dì í mú kó tó bọ́. Ó jókòó sórí koríko, ó ń tú okùn bàtà.

"Ọ̀rọ̀ wo ni?" ó bèèrè.

Bàbá Sítáàṣì fẹ́ kọjú sí i. Ẹ sì mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ kì í dá lọ. Gbogbo ara ló yí. Kẹ̀kẹ́ kúrò lára òkúta, ó fi imú wo ìsàlẹ̀, ó gbéra.

Ìjókòó iwájú ṣófo. Bíréèkì wà níwájú. Bàbá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn mú, èyí tí kò lè yí nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ọlọ́lá tí awakọ̀ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ìyókù ti ṣíwájú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, wọ́n ń rọra lọ. Bàbá Sítáàṣì la ẹnu, òótọ́ sì jáde lódindi: "Mi ò mọ̀ ọ́n wà o, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí."

Eré tó ń sá ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Akọ̀wé tí bàbá kọ́kọ́ kọjá gbọ́ "Mi ò mọ̀," ó sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Èmi náà ò mọ̀, sà." Mánẹ́jà gbọ́ "ẹ̀yìn," ó wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Dírẹ́bà tó wà níwájú pátápátá gbọ́ "jókòó." Ó rò pé balógun pàṣẹ ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sí etí títì.

Kẹ̀kẹ́ náà kọjá gbogbo wọn, ó fò ré kòtò, ó sì sin ara rẹ̀ àti balógun sínú òkìtì koríko tí wọ́n gé jọ. Bàtà nìkan ló kù níta.

Wọ́n fà á yọ. Kò fara pa, kẹ̀kẹ́ náà kò bàjẹ́. Wọ́n dúró yí i ká, oníkálukú mú ohun tó gbọ́ wá, wọ́n ń tò ó pọ̀.

"'Mi ò mọ̀' ló ti ọ̀dọ̀ mi kọjá," akọ̀wé ní.

"Tèmi ni 'ẹ̀yìn.'"

"'Jókòó' lèmi gbọ́. Mo sì jókòó," Dírẹ́bà ní.

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo Bàbá Sítáàṣì tí koríko yọ lára rẹ̀ bí àparò.

"Ẹ̀yin kò mọ kẹ̀kẹ́ wà," mánẹ́jà ní jẹ́ẹ́. "Láti ìgbà yẹn."

"Bàbá mi ló ń wà á. Mo gun kẹ̀kẹ́ lóòótọ́."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ti sọ̀kalẹ̀ dé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó ti gbọ́. Kò pariwo, ìyẹn sì le ju ariwo lọ.

"Ẹ ní a ó jọ pín in," ó ní.

Bàbá ń já koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sílẹ̀. Mo gbé yín gun òkè bí ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀ ń hanrun sí mi létí."

Mọ́tò Ọlọ́ṣẹ dé, ó dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹnì kan fẹ́ wọlé ni? Mo kàn ń béèrè ni o. Àdéhùn ni àdéhùn."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù rìn lọ síbi mọ́tò, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

Bàbá Sítáàṣì dọ̀bálẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ dún gbàgà bí ẹni ṣẹ́ pátákó. "Ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi wí, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó ń gbọ́ odò lẹ́yìn ilé, kò lè lọ wò ó. Wọ́n ti gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Òun ló tọ́ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lára mọ́tò. "Mi ò ní wọ̀ ọ́. Àmọ́ mi ò jókòó síwájú mọ́. Ẹni tó tàn mí dé ibí yìí ló máa wà mí dé ibẹ̀."

"Màá pa wá."

"Ilẹ̀ ti tẹ́jú láti ibí lọ. A ó kàn máa ṣubú ni."

Wọ́n sì ṣubú. Wọ́n ṣubú sí ọ̀tún, wọ́n ṣubú sí òsì, wọ́n ṣubú níwájú ilé ìwé kan, àwọn ọmọ jáde wá kà á. Dírẹ́bà wà lápá kan, akọ̀wé wà lápá kejì, wọ́n ń nawọ́ dì í mú léjìká. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń tẹ pẹ́dà lẹ́yìn bí ẹni ń gún iyán ìbínú.

"Ẹ má wo táyà. Ẹ wo iwájú."

"Ibo niwájú?"

"Ibi tí imú yín kọjú sí."

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Dírẹ́bà yọ ọwọ́, akọ̀wé náà yọ tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà kò ṣubú. Ó ń wọ́ lọ bí ejò, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Omi ń jáde lójú Bàbá Sítáàṣì. Tí ẹ bá bi í lónìí, á ní kòkòrò ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ọgbà ilé àwọn arúgbó. Kẹ̀kẹ́ náà kò sì dúró.

Kò sí ẹni tó ti kọ́ Bàbá Sítáàṣì bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó yí ọgbà náà po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́. Ó tún yí i po. Wọ́n rò pé ara ètò ni.

"Ẹ tẹ bíréèkì," Ọlọ́ṣẹ ń pè láti inú mọ́tò.

"Èwo ni bíréèkì?"

"Bàbá, mo lè fẹsẹ̀ dá a dúró láti ẹ̀yìn," Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró."

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtẹ́wọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn nìyẹn."

Ọlọ́ṣẹ pa àdéhùn mọ́, ó ní òun kò rí irú ìran bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ní ilé ìfọṣọ, wọ́n gba oyè balógun lọ́wọ́ Bàbá Sítáàṣì, wọ́n fi fún Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Oṣù kan gbáko ni obìnrin náà kò fi bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn àga náà dé, bàbá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a tó ti jókòó sórí tirẹ̀, tó ti wé gèlè, tó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀nà tó lọ sí odò gùn díẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ti eléyìí?"

Bàbá Sítáàṣì la ẹnu. Ó ti fẹ́ sọ nǹkan kan nípa abúlé wọn. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa," ẹ̀gbọ́n ní. "Wá sẹ́yìn mi, kí n kọ́ ẹ."